Ẹni Tí Ó Kúnlẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń fi àáké gé igi lọ́ọ̀ọ́kán, kì í ṣe oko ni ọkàn mi máa ń lọ. Yàrá ẹ̀yìn nílé wa ní Ṣakí ni ó máa ń lọ, sórí tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, níbi tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà. Ẹ̀rọ náà máa ń gbóná débi pé orí abọ́ tánganran tí mo dojú rẹ̀ dé ni mo máa ń gbé e lé, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè gba abẹ́ rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni ìró àáké ti ń jáde: kọ́, kọ́, kọ́. Igi tí mò ń gé kò sí níbikíbi láyé yìí. Síbẹ̀ mo gé e títí ọrùn ọwọ́ mi fi ń ro mí, mo sì fi kọ́ ilé kan tí ẹ̀rù ìwólulẹ̀ rẹ̀ bà mí ju ti ilé tí mò ń sùn sí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò bá ṣe irú rẹ̀ rí. Eré orí ẹ̀rọ ni, tí ọ̀pọ̀ èèyàn láti ibi gbogbo ń bá ara wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́, etí odò ni wàá ti lajú, ní ìhòòhò, pẹ̀lú òkúta kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ebi ń pa ọ́, òtútù ń mú ọ, ẹranko ń lé ọ, àwọn èèyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ sì burú ju ẹranko lọ. O gbọ́dọ̀ gé igi, kí o fọ́ òkúta, kí o kọ́ ilé, kí o sì máa ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá pa ọ́, gbogbo ohun tó wà lára rẹ, títí kan kọ́kọ́rọ́ ilé, á bọ́ sílẹ̀ níbi tí o kú sí, ìwọ á sì tún lajú létí odò ní ìhòòhò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é, ìjà ni wọ́n ń wá kiri. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ilé kíkọ́ ni tiwa.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi. Òun ni àkọ́bí, èmi ni àbígbẹ̀yìn, ó sì ju mí lọ débi pé mi ò lè pè é ní "ìwọ" láéláé. Àgbẹ̀ ni Bàbá wa, iṣu àti àgbàdo ló ń gbìn sí ọ̀nà Ogbooro, ó sì ti fi ọkàn sí i pé ẹ̀gbọ́n mi ni yóò gba ọkọ́ lọ́wọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ ti ń wá ọ̀nà òkè òkun fún ọdún méjì, kò sì rí ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Nígbà tí ọ̀nà là, ó dúró di ọjọ́ Ẹtì. Bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí, ó ń kírun Jímọ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì rẹ̀ tó sì lọ. Ó dágbére fún Màmá. Ó dágbére fún mi, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Kò dágbére fún Bàbá.

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn. Ní ilé wa, kì í ṣe kékeré. Bàbá kò bínú pé ó rìnrìn àjò tó bí ó ṣe bínú pé kò kí òun. "Ó jáde nílé mi bí ẹni tó jí adìẹ gbé," ni ó ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. "Ẹni tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́." Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé ibi tó ń lọ tó sì pè é, Bàbá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní, "Má tún pe nọ́ńbà yìí mọ́," ó sì pa fóònù náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Fóònù mi ni Màmá fi ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Màmá a máa rán Bàbá létí pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Bàbá á ní ọwọ́ ọ̀tún ń dun òun.

Ọ̀sán Sátidé ni ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣiṣẹ́. Bí oòrùn bá ti mú, tí bátìrì sólà wa bá ti kún, èmi náà á jókòó ti ẹ̀rọ, a ó sì pàdé nínú eré, òun lórí ẹ̀rọ mìíràn tó rà lọ́hùn-ún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò lágbára tó láti gbé ohùn, nítorí náà a ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa ni, ẹ̀gbọ́n mi kì í sì í fẹ́ kí á kọ púpọ̀, torí ohun tí èèyàn bá kọ síbẹ̀, gbogbo ayé ló ń kà á, àti olè àti olóòótọ́. Ohun tó kọ ní Sátidé kejì kò ju gbólóhùn kan lọ: "Jẹ́ kí á kọ́ ilé Àgọ́-Àrẹ."

Ilé Àgọ́-Àrẹ ni agbo ilé tí wọ́n ti bí Bàbá. Ilé alámọ̀ ni, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, àgbàlá láàárín, kànga kan, àká àgbàdo lẹ́yìn, àti igi ẹmi ńlá kan lójúde. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo ṣì kéré nígbà tí òjò wó èyí tó kù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti sùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ó ti jábọ́ lórí igi ẹmi yẹn. Kò sí amọ̀ nínú eré náà, nítorí náà a wá òkúta pupa kan tó jọ ọ́ lórí òkè kan tó jìnnà, a sì ń rù ú wálé. Ẹ wá wo èmi, tí Màmá ń bẹ̀ láti àárọ̀ kí n lọ fa omi ní kànga ẹ̀yìnkùlé, tí mo ń fi ìdajì ọjọ́ ru òkúta tí kò wúwo gba inú igbó tí kò sí. Bí Màmá bá pè mí, mo máa ń ní ó rẹ̀ mí, kì í sì í ṣe irọ́.

Nígbà tí ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ilé, a fi odi òkúta yí i ká, a sì fi ilẹ̀kùn irin sí ẹnu ọ̀nà odi náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti dá àṣà kan sílẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà nínú eré yìí tí èèyàn ń tẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Torí kí èèyàn lè yọ́ rìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má dún ni wọ́n ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi bá dé ẹnu ọ̀nà wa, á tẹ bọ́tìnnì náà, á kúnlẹ̀, á dìde, á kúnlẹ̀, á dìde, ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó ní òun ń kí ilé. Kódà bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí mo bá ti wà nínú ilé, kì í ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Á kí, á dúró, èmi á sì ṣí i fún un. Nínú ayé yẹn, orúkọ kì í hàn lórí ẹnikẹ́ni, aṣọ ni a fi ń dá ara wa mọ̀, ẹni tó bá sì kú kò ní aṣọ kankan mọ́. Ìkúnlẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yẹn wá di àmì tí mo fi ń mọ̀ ọ́n. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, èmi náà kò bi í. Ẹni tí kò kí bàbá rẹ̀ nígbà tó ń lọ, ilé bàbá rẹ̀ ló ń kí.

"Ilé inú dígí" ni Bàbá ń pe ohun tí a ń kọ́. Ó ní bí mo bá parí rẹ̀, kí n wá yàrá kan fún òun níbẹ̀ kí òun lè bọ́ lọ́wọ́ ariwo Màmá. Ní Sátidé kan, ó wọlé wá, ó ní òun ń wá fìlà òun. Ó dúró lẹ́yìn mi.

"Ibo nìyẹn?"

"Ilé Àgọ́-Àrẹ ni, Bàbá."

Ó na ìka sí ojú ẹ̀rọ. "Ta ló sọ fún yín pé ìwọ̀ oòrùn ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí? Ìlà oòrùn ni. Oòrùn àárọ̀ ló ń jí bàbá mi lórí ẹní." Ó sì jáde. Fìlà tí ó ní òun ń wá wà lórí rẹ̀ látìgbà tó ti wọlé.

Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi bí Bàbá ṣe wí. Lẹ́yìn náà mo rí i tí ó gbé àáké, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ẹnu ọ̀nà tí a fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́, ó sì yí i sí ìlà oòrùn. Láti ìgbà yẹn ni Bàbá kò ti pa Sátidé kankan jẹ mọ́. Bí kò bá wá fìlà, á wá orín. Bí kò bá wá orín, á ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá iná wà. Kò jẹ́ dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹnìkejì rẹ" ni ó ń pè é.

"Sọ fún ẹnìkejì rẹ pé ògiri alámọ̀ kì í gòkè lẹ́ẹ̀kan. A ó mọ ìpele kan, a ó jẹ́ kó gbẹ, kí á tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú, ògiri rẹ̀ á lanu. Bí ògiri bá sì lanu, aláǹgbá á ráyè wọ ibẹ̀."

Mo kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Bá mi sọ fún wọn pé mo ti gbọ́." Nínú eré náà, èèyàn lè gbé ògiri dúró ní ìṣẹ́jú kan, kò sí ohun tó ń gbẹ níbẹ̀. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, ìpele kan la ń gbé sórí ilé náà lọ́sẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ di Sátidé tó ń bọ̀. Bàbá á wò ó, á mi orí, á ní, "Ó ti ń gbẹ."

Báyìí la ṣe wà títí ọyẹ́ fi dé. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí ọyẹ́ mú, ẹ̀gbọ́n mi kò wá. Mo rò pé iṣẹ́ ni. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sátidé kejì kò tún wá. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ́ kí Bàbá mọ̀. Nígbà tí Bàbá wọlé tó béèrè pé, "Ẹnìkejì rẹ ńkọ́?" mo ní, "Iṣẹ́ ló pọ̀ fún wọn, Bàbá." Ó ní, "Iṣẹ́." Dípò kí ó jáde bí í ti í ṣe, ó fa àpótí ìjókòó kan, ó sì jókòó sẹ́yìn mi pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Òfin kan wà nínú eré náà tí mo kórìíra. Ilé tí onílé kò bá fi igi àti òkúta bọ́ lójoojúmọ́, jíjẹrà ni yóò máa jẹrà, ìpele lórí ìpele, títí yóò fi wó. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe èyí ní àwọn ọjọ́ tí èmi kò bá ráyè. Ní báyìí, èmi nìkan ni. Mo ń dìde láàárọ̀, mo ń lọ gé igi kí n tó fọ ẹnu. Mo tún ti fi ohun kan sọ́kàn tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọn á fi mí rẹ́rìn-ín: pé bí ilé yẹn bá ṣì dúró, ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà láàyè. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí ibi tí mo ti rí i. Ọmọ tó ti yege ìdánwò ìṣirò ni mí nígbà náà, mo sì gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ bí ẹni gba àdúrà.

Àwọn olè sì ti mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ló kù nílé. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbọ́ ìró àáké tí kì í ṣe tèmi lẹ́yìn odi. Mo dúró jẹ́ẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dákẹ́, bí ẹni pé wọ́n lè gbọ́ èémí mi láti Ṣakí. Ó dáwọ́ dúró. Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá ihò kan lára odi lápá àká, ó fẹ̀ tó kí orí èèyàn wọ̀ ọ́. Mo dí i. Nígbà tó di Jímọ̀, wọ́n ti tún un lu. Mo tún un dí, bátìrì ẹ̀rọ sì ń lọ sílẹ̀ torí ọyẹ́ ti bo ojú oòrùn.

Sátidé kẹta dé. Bàbá kò wá fìlà, kò wá orín. Ó wọlé, ó jókòó. Mo wà nínú ilé, ilẹ̀kùn irin wà ní títì, mo sì ń wo ìta láti ojú ihò tó wà lára rẹ̀. Kò sí ohun tó ń mì níta bí kò ṣe koríko. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà Bàbá nìkan ni mò ń gbọ́, tí wọ́n ń kan ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tó bí ìdajì wákàtí. Nígbà náà ni ẹnìkan yọ láti ẹ̀yìn igi tí a fi ṣe igi ẹmi lójúde, kò wọ aṣọ, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́ tí mo rí. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dé iwájú ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀. Ó dìde. Ó tún kúnlẹ̀. Ó tún dìde.

Ìró tẹ̀sùbáà dáwọ́ dúró.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

"Bàbá, àwọn ni," ni mo wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ń kí ilé."

Bàbá dìde. Ó tẹ̀ síwájú débi pé mo gbọ́ òórùn orín ní ẹnu rẹ̀. "Ṣé òun ni?"

"Ẹ wò ó, wọ́n ń kúnlẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá dé."

Síbẹ̀ ìka mi kò tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà pé kí n má ṣílẹ̀kùn bí kò bá dá mi lójú. Ó yẹ kí n kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ó yẹ kí n dúró. Ẹni tó wà níta náà dúró, ó ń wo ilẹ̀kùn. Mo ronú pé bí ó bá jẹ́ òun ni, tó ti jìyà títí ó fi dé ibí ní ìhòòhò, tí mo sì tìlẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ni mo fẹ́ sọ?

"Ṣílẹ̀kùn fún un," ni Bàbá wí. N kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ọmọ kì í kí ilé kí á má dá a lóhùn. Ṣílẹ̀kùn fún un."

Mo ṣí i.

Ọ̀kọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. N kò tiẹ̀ mọ ibi tó ti yọ ọ́. Àwọn mẹ́ta mìíràn tú jáde láti inú koríko, wọ́n ti wà níbẹ̀ látàárọ̀. Gbogbo ojú ẹ̀rọ pọ́n, mo sì bá ara mi létí odò ní ìhòòhò, òkúta lọ́wọ́. Bàbá ní, "Kí ló dé? Ilé dà?" Mo ní wọ́n ti pa mí. Ó ní, "Sáré." Mo ní, "Mò ń sáré, Bàbá." Ọ̀nà odò sí ilé kò jìnnà, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀nà tó gùn tó o rí. Kí n tó débẹ̀ ni mo ti rí èéfín lókè koríko.

Iná ti mú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àká ti lọ. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n mi yí sí ìlà oòrùn, òun ni wọ́n ń fi àáké gé nígbà tí mo dé, ìpele tí a jẹ́ kí ó gbẹ ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ń wó lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn rí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń yọ́ bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ mi. Ìgbà yẹn ló yé mi. Kò kí ẹnikẹ́ni látìbẹ̀rẹ̀. Olè ni, bí olè sì ṣe ń yọ́ rìn nínú eré náà nìyẹn, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń yọjú sókè láti wo bóyá ẹnìkan wà nílé. Àwa méjì tí a jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ní Ṣakí, a rí ẹni tó ń ṣọ́ wa, a ní ó ń kí wa.

"Kì í ṣe òun," ni Bàbá wí.

"Kì í ṣe àwọn, Bàbá."

Mo ń sunkún, n kò sì fi pamọ́. Bàbá ṣì ń wo iná náà. "Ọkùnrin wo ló ń kúnlẹ̀ kí ilé?" ni ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ wí. "Ìdọ̀bálẹ̀ ni ti ọkùnrin. Ó yẹ kí n mọ̀." Mo sọ fún un pé kò sí ìdọ̀bálẹ̀ nínú eré náà. Ó bojú wò mí, ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti lọ, ó ní, "Níbo ló wà?"

Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti gbúròó wọn gbẹ̀yìn. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì lọ sí oko ní ọjọ́ kejì. Ó gbé fóònù kékeré rẹ̀ lé orí àpótí níwájú ara rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò ó. Nígbà tí Màmá ní kí ó wá jẹun, ó ní, "Èmi ni mo ní kí ó má pe nọ́ńbà yìí."

Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Alásárì, fóònù náà dún. Nọ́ńbà òkè òkun ni, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Bàbá gbé e. Ohùn fóònù rẹ̀ máa ń lọ sókè débi pé gbogbo ilé ló ń gbọ́, nítorí náà mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi kedere.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pè. Ẹ má tíì pa fóònù."

"Wọ́n ti jó ilé wa," ni Bàbá wí.

"Ilé wo, Bàbá?"

"Ilé wa náà. Wọ́n jó o kanlẹ̀. Wọ́n jó àká, wọ́n jó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n sì pa àbúrò rẹ."

Ìró tí mo gbọ́ láti inú fóònù yẹn, n kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Màmá sáré jáde láti ilé ìdáná. Mo fò mọ́ Bàbá lọ́wọ́, mo ń pariwo sínú fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò kú o, ilé inú eré ni, ilé inú eré ni."

"Wọ́n pa á," ni Bàbá tún wí, ó ń bínú sí mi, bí ẹlẹ́rìí tí wọ́n fẹ́ já ní irọ́. "Ìṣojú mi ni. Èmi ni mo ní kí ó ṣílẹ̀kùn." Ó wá rọra sọ ìyókù. "Mo rò pé ìwọ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tàbí ó ń sunkún, n kò lè fi ìyàtọ̀ sí i. Nígbà tó ṣe, ó sọ ibi tó wà. Ó jábọ́ lórí àkàbà níbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, fóònù rẹ̀ sì fọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó ti wà ní ilé ìwòsàn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni nọ́ọ̀sì kan ń na fóònù tirẹ̀ sí i pé kí ó pe àwọn ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan ṣoṣo ló mọ̀ lórí. Bàbá ló fi kọ́ ọ bí orin nígbà tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó má bàa sọnù lọ́jọ́ ọjà. Nọ́ńbà Bàbá ni, Bàbá sì ti ní kí ó má pè é mọ́. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dé òpin. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo dùbúlẹ̀ nítorí gbólóhùn kan tó ti ẹnu mi jáde." Ó gbé fóònù fún Màmá, ó sì lọ kírun tí kò tíì tó àkókò.

A gbìyànjú láti tún ilé náà kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí àga, ó ń gé igi láti ilé ìwòsàn lórí ẹ̀rọ rẹ̀ tí wọ́n bá a gbé wá síbẹ̀. Bàbá jókòó tì mí, ó ń pàṣẹ fún àwa méjèèjì tààrà, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì mọ́. Ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. A mọ ìpele mẹ́ta kí ẹni tó ni ayé inú eré yẹn tó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láti tún un bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, láì bi ẹnikẹ́ni. Lónìí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìsẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà ti kú, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, n kò sì lè jù ú nù. Mo ti gbé nínú ilé tó dára ju ilé òkúta pupa yẹn lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo ṣọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì máa ń wù mí láti tún gbọ́ ìró àáké ẹ̀gbọ́n mi lápá kejì ògiri.

Ní Iléyá tó kọjá, a wà ní Ṣakí, Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn géètì. Mo yọjú wò láti ojú ihò rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró nínú eruku pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó rí ojú mi. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ẹsẹ̀ kan ń le díẹ̀. Ó tún kúnlẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni Bàbá béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Bàbá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Wọ́n ń kúnlẹ̀."

"Olè yẹn náà kúnlẹ̀," ni Bàbá wí, ó ti ń wá bàtà rẹ̀. "Sọ fún un kí ó dọ̀bálẹ̀."

Mo sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì na gbogbo ara rẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun ọ̀tun tó wọ̀, àyà rẹ̀ kan eruku. Bàbá dé ibi géètì. Ó ní kí n yà fún òun, ó fi ojú ara rẹ̀ ti ihò náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó gbé ọwọ́ sókè, tó fúnra rẹ̀ yọ irin ilẹ̀kùn.